Omi tó ń ṣàn lábẹ́ omi: bí a ṣe ń wá a, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń tú u jáde

Ojú omi dáàmù lè tòrò bí omi inú àwo, kí odò ẹlẹ́rẹ̀ kan sì máa ṣàn lọ ní mítà mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìdàpọ̀ mọ́ omi òkè. Ẹni tó dúró lórí ògiri dáàmù kò ní mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí omi tó ń jáde nínú páìpù ìsàlẹ̀ bá ṣàdédé pọ́n bí amọ̀, tí tòkè sì mọ́ gaara, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé àlejò ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohun tí wọ́n rí ní dáàmù Hoover ní Amẹ́ríkà ní 1935 nìyẹn. Wọn kò tíì sé odò Colorado pẹ́ tí omi ẹlẹ́rẹ̀ fi ń tú jáde lẹ́sẹ̀ ògiri, lẹ́yìn tó ti rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà lábẹ́ omi tó mọ́.

Ìṣàn ìwúwo la ó máa pè é níbí, torí ìwúwo ló ń tì í. Omi tó wúwo a wọ́ gba abẹ́ èyí tó fúyẹ́, èyí tó fúyẹ́ a sì gun èyí tó wúwo lórí. Atẹ́gùn kọ́ ló ń fẹ́ ẹ, ìgbì kọ́ ló sì ń gbé e. Àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù, àwọn tó ń fa omi ìlú, àwọn apẹja àti àwọn tó ń wa yanrìn lọ́sà ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ó sì ṣeé fi irinṣẹ́ tí kò wọ́n mọ̀.

Ohun tó ń mú omi wúwo

Ẹ mú tánkì onílítà 1,000, irú èyí tó máa ń wà lórí ilé. Tí omi odò tó mọ́ bá kún un, tí omi náà sì gbóná tó dígírì 25 ti Celsius, omi inú rẹ̀ wọn kílò 997. Tó bá jẹ́ omi òkun ló kún un, yóò wọn nǹkan bíi 1,023. Kílò 26 péré ni ìyàtọ̀ méjèèjì, ìyàtọ̀ ńlá sì nìyẹn. Nínú dáàmù, kílò kan tàbí méjì ti tó láti mú odò odidi kan rì.

Ohun mẹ́ta ló ń yí iye yẹn padà. Gíráàmù iyọ̀ kan nínú lítà kan ń fi nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò kún tánkì náà. Gíráàmù ẹrẹ̀ kan nínú lítà kan ń fi kílò 0.62 kún un. Kò pé kílò kan, torí pé ẹrẹ̀ gba àyè, omi tó wà láyè yẹn tẹ́lẹ̀ sì ti jáde. Ẹ̀kẹta ni ooru, òun ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Láti dígírì 4 dé 10, tánkì omi kan kò pàdánù ju kílò 0.27 lọ. Láti dígírì 24 dé 30, kílò 1.65 ló ń pàdánù. Dígírì mẹ́fà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ olóoru lágbára tó ìlọ́po mẹ́fà ti ilẹ̀ olótùútù. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò tí wọ́n ṣe fún adágún Switzerland kò fi ṣeé gbé ka orí Ẹlẹ́yẹlé tàbí Ọ̀yán láìtún un ṣe. Níbí, omi òkè tó fi dígírì mẹ́ta péré gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ ti di òrùlé tí omi ìsàlẹ̀ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ojú omi dáàmù kan jẹ́ dígírì 30, ìsàlẹ̀ jẹ́ 25, odò tó ń wọlé jẹ́ 27. Tánkì kan omi òkè jẹ́ kílò 995.65, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 997.05, ti odò jẹ́ 996.51. Tí odò náà bá gbé ẹrẹ̀ gíráàmù 0.3 nínú lítà kan, ó di 996.70. Ó wúwo ju omi òkè, kò wúwo tó ti ìsàlẹ̀, nítorí náà yóò rì dé àárín, yóò sì tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Tí òjò ńlá bá rọ̀, tí ẹrẹ̀ di gíráàmù 2, ó di 997.76, ilẹ̀ ni yóò sì máa fà gbà.

Ṣùgbọ́n kò ní dúró bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń ju ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé gíráàmù 0.8, ìwúwo rẹ̀ ti di 997.01, omi ìsàlẹ̀ ti jù ú lọ, yóò sì gbéra kúrò nílẹ̀ lọ sí àárín. Ẹni tó ń dúró dè é lẹ́nu géètì ìsàlẹ̀ yóò dúró títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí i lórí tábìlì

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ̀ sórí omi, ó dára kó fi ojú ara rẹ̀ rí bí nǹkan náà ṣe ń rìn. Ohun tí ẹ nílò ni àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ike líle tó bá ìbú rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, jẹ́lì ìpara, èyí tó ki, iyọ̀ ọbẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ, òṣùwọ̀n kékeré, àti fóònù tó ń ya fídíò.

Ẹ fi jẹ́lì pa etí pátákó náà, kí ẹ sì gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìpẹ̀kun kan. Ẹ da omi sí ìhà méjèèjì títí yóò fi jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Lítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ló máa wà ní ìhà kékeré. Ẹ po gíráàmù iyọ̀ 90 mọ́ ọn, ìyẹn 20 fún lítà kan, kí ẹ sì kán àwọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú kí rúkèrúdò rẹ̀ rọlẹ̀. Inú yàrá kan náà ni kí ẹ ti pọn omi méjèèjì sílẹ̀ láti àárọ̀, kí ooru wọn lè bára mu. Ẹ tẹ fídíò, kí ẹ wá fa pátákó náà sókè ṣánṣán, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Omi aláwọ̀ yóò wó sílẹ̀, yóò sì máa sáré lọ lórí gíláàsì ìsàlẹ̀, omi tó mọ́ yóò máa padà wá lókè rẹ̀. Ẹ wo iwájú rẹ̀ dáadáa. Orí rẹ̀ ga ju ara rẹ̀ lọ, imú rẹ̀ gbéra díẹ̀ kúrò nílẹ̀, nítorí omi fífúyẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá wò ó láti òkè, iwájú yẹn kì í tọ́. Ó ń yọ bíi ìka ọwọ́, ó ń là, ó sì ń pa dé. Lẹ́yìn orí náà, omi méjèèjì ń ká bí aṣọ tí wọ́n ń ká níbi tí wọ́n ti fara kan ara wọn. Ibi ìkáàká yẹn ni wọ́n ti ń pò pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣàn náà ti ń pàdánù agbára.

Ìyára rẹ̀ ṣeé ṣírò ṣáájú. Ẹ pín ìyàtọ̀ ìwúwo, kílò 14, pẹ̀lú ìwúwo tánkì omi, 998. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 9.81, tó dúró fún òòfà ilẹ̀ ayé. Ó fún yín ní nǹkan bíi 0.138, òòfà tó ṣẹ́ kù fún ìṣàn náà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú jíjìn omi ní mítà, 0.10, ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po méjì rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.46. Ìdáhùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ó yẹ kó dé ìpẹ̀kun kejì, sẹ̀ǹtímítà 45, ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Tí ẹ bá dín iyọ̀ kù sí gíráàmù 5 fún lítà kan, ìyára kò ní dín sí ìdá mẹ́rin. Ìdajì péré ló máa dín sí, torí gbòǹgbò yẹn. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ: ìwúwo díẹ̀ ti tó láti rìn jìnnà.

Ẹ má yára pa fídíò. Nígbà tó bá lu gíláàsì ìpẹ̀kun, yóò gun òkè, yóò sì yí padà bí ìgbì. Ohun tó ń ṣe lẹ́sẹ̀ ògiri dáàmù gan-an nìyẹn.

Tí kò bá ṣe bí a ti wí, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Bóyá omi ìhà kan ga ju ìkejì lọ: mìlímítà mẹ́ta péré ti tó láti ba á jẹ́. Bóyá ẹ fa pátákó díẹ̀díẹ̀, tí omi ti ń jò lábẹ́ rẹ̀ kó tó kúrò. Tàbí kẹ̀, omi iyọ̀ gbóná ju ìkejì lọ, tí ooru ń já ìwúwo iyọ̀ kù. Zobo rẹwà bí àwọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní ìwúwo, ẹ má lò ó tí ẹ bá fẹ́ kí ìṣirò pé. Lẹ́yìn tí iyọ̀ bá ti yé yín, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú amọ̀ tí wọ́n sẹ́ dáadáa, gíráàmù 22 tàbí 23 fún lítà kan. Yóò bẹ̀rẹ̀ bíi ti iyọ̀, ṣùgbọ́n yóò máa rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, torí pé ẹrù rẹ̀ ń já sílẹ̀.

Irú àpótí yìí ti pẹ́ láyé. Luigi Ferdinando Marsigli ará Ítálì dé Istanbul ní 1679, ó sì gbọ́ lẹ́nu àwọn apẹja pé lábẹ́ omi Bosphorus, ọ̀nà omi tóóró tó ti inú Òkun Dúdú gba Istanbul kọjá, tó ń ṣàn lọ sí gúúsù, òmíràn wà tó ń ṣàn padà sí àríwá. Ó so kọ́ọ̀kì tó kùn ní funfun mọ́ okùn tó ní ẹrù nídìí, ó jù ú sómi, ó sì rí i pé àwọn kọ́ọ̀kì òkè tẹ̀ sí ìhà kan, tìsàlẹ̀ tẹ̀ sí ìkejì. Ó wá kan àpótí tí ó pín sí méjì, ó lu ihò sókè àti sísàlẹ̀ pátákó àárín, ó sì fi omi Òkun Dúdú sí ìhà kan, omi tó níyọ̀ jù ú lọ sí ìkejì. Ohun tó rí ló tẹ̀ jáde ní 1681. Okùn kọ́ọ̀kì yẹn ṣì wúlò lónìí, a ó padà sí i.

Ibi tí odò ti ń rì

Nínú dáàmù, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá ni ibi tí omi odò ti rì wọ abẹ́. Kò ṣòro láti mọ̀ lọ́jọ́ tí odò bá kún. Omi pupa ń bọ̀ láti òkè odò, ó sì dópin lójijì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Lẹ́yìn ibẹ̀, omi mọ́. Lórí ìlà yẹn gan-an ni igi, ewé, ike àti ewéko omi ti ń kóra jọ. Ẹ ju ẹ̀ka kékeré kan síwájú ìlà náà, sí ìhà dáàmù, bíi mítà ogún: tó bá ń rìn padà sẹ́yìn wá bá ìlà náà, ẹ ti rí i. Omi tó ń rì ló ń fa ti òkè wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Jíjìn omi níbẹ̀ ṣeé ṣírò. Ká ní odò ń gbé omi kúbíìkì mítà 60 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 100: mítà kọ̀ọ̀kan ìbú ń gba 0.6. Ká ní ẹrẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3 nínú lítà kan, tí ooru omi méjèèjì sì bára mu: ìyàtọ̀ ìwúwo jẹ́ kílò 1.87, òòfà tó ṣẹ́ kù sì jẹ́ 0.0184. Ẹ sọ 0.6 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ pín in pẹ̀lú 0.0184, ẹ tún pín in pẹ̀lú 0.6, kí ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ó jẹ́ mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀. Tí ẹ bá fi 0.25 rọ́pò 0.6 tí ẹ fi pín in kẹ́yìn, ó di mítà mẹ́rin ó lé. Láàárín méjèèjì ni kí ẹ máa wá a. Ìlà náà kì í dúró lójú kan: tí odò bá ń kún sí i, a sún síwájú sí ìhà dáàmù, tí ẹrẹ̀ bá pọ̀ sí i, a sún padà sẹ́yìn.

Bí ẹ ṣe máa bu omi ìsàlẹ̀

Omi tí wọ́n fi garawa bù lójú kò sọ nǹkan kan. Ẹ wá ìgò onílítà kan tó ní ọrùn tóóró, ẹ de òkúta tàbí irin kílò méjì mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi kọ́ọ̀kì dí i, kí kọ́ọ̀kì náà ní okùn tirẹ̀. Okùn ńlá tó gbé ìgò ní àmì ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ìgò kalẹ̀ dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ já kọ́ọ̀kì, ẹ dúró títí àwọn ọ̀yọ̀ afẹ́fẹ́ yóò fi tán lójú omi, kí ẹ wá fà á sókè.

Ẹ bù ú ní mítà kọ̀ọ̀kan láti òkè, ṣùgbọ́n ní mítà márùn-ún tó gbẹ̀yìn sí ilẹ̀, ẹ bù ú ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọjà wà. Tí ọkọ̀ bá ń sún, okùn yóò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, jíjìn tí ẹ kà yóò sì parọ́: tí okùn bá fi dígírì 30 dà kúrò ní òró, mítà mẹ́wàá tí ẹ kà kò ju 8.7 lọ. Ẹ fi ìdákọ̀ró méjì de ọkọ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀wù ìléfòó di dandan fún gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀.

Bí ìgò bá ti gòkè, tẹ̀mómítà ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí oòrùn tó bá a. Àṣìṣe dígírì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta kílò lórí tánkì, ó sì lè sọ ìṣàn tó gba ilẹ̀ di èyí tó gba àárín nínú ìwé yín. Fún ẹrẹ̀, ẹ wọn bébà àsẹ́ tó gbẹ, ẹ fi sẹ́ lítà omi kan, ẹ sá a sínú ààrò ní dígírì 105 títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́, ẹ tún un wọ̀n. Òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni kí ẹ lò. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bí omi ṣe dàrú tó yá ju èyí lọ, ṣùgbọ́n amọ̀ odò kan kò jọ ti ìkejì. Ẹ fi ìwọ̀n bébà tún un ṣe kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Tí owó bá wà, ẹ̀rọ ADCP tó ń fi ìró ka ìyára omi láti òkè dé ilẹ̀ yóò fi ìṣàn náà hàn bí ó ṣe ń lọ. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ kì í rí ìpín díẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ. Ìgò yín ló máa dí àlàfo yẹn.

Ìgbà tí yóò dé ẹsẹ̀ ògiri

Ẹ mú àpẹẹrẹ ti ibi tí odò ti rì: òòfà 0.0184, omi 0.6 fún mítà ìbú kan. Ká ní ilẹ̀ dáàmù náà fi mítà mẹ́ta rẹlẹ̀ nínú kìlómítà kan, ìyẹn 0.003. Ẹ sọ 8, 0.0184, 0.6 àti 0.003 di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, ẹ pín in pẹ̀lú 0.03 tó dúró fún ìfaragbún ilẹ̀ àti ti omi òkè, kí ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ó jẹ́ mítà 0.21 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá, wákàtí mẹ́tàlá ó lé díẹ̀ ló máa gbà.

Iye yẹn dára bí ìṣàn bá há sínú ipa odò àtijọ́. Ibi tí ipa náà bá ti kún fún ẹrẹ̀, tí omi wá tẹ́ láti mítà 100 di 400, ìyára á já sí 0.13, wákàtí mẹ́tàlá á di mọ́kànlélógún. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn ya àwòrán ilẹ̀ dáàmù ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé, kí ẹ mọ ibi tí ọ̀nà rẹ̀ gbà.

Ó tún gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ jẹ. Tí àgbàrá bá parí ní wákàtí mẹ́fà, tí ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́tàlá, ó ṣeé ṣe kó kú sọ́nà. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Yanrìn wẹ́wẹ́ tó nípọn ní ìdá mẹ́wàá mìlímítà máa ń já láti mítà mẹ́ta dé ilẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú méje, nígbà tí amọ̀ tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá rẹ̀ máa ń lò tó wákàtí mẹ́jọ kódà nínú omi tó dákẹ́. Amọ̀ ló ń dé ẹsẹ̀ ògiri. Yanrìn wà lókè odò, ìṣàn ìwúwo kò ní bá yín kó o.

Ṣíṣí géètì ìsàlẹ̀

Tí ìṣàn bá dé ẹsẹ̀ ògiri tí géètì ìsàlẹ̀ wà ní títì, yóò gun ògiri, yóò yí padà, yóò sì di adágún ẹrẹ̀ lábẹ́ omi mímọ́. Ẹrẹ̀ yẹn ni yóò sọ̀ kalẹ̀ dí ẹnu páìpù. Nítorí náà, ẹ ṣí géètì díẹ̀ ṣáájú kó tó dé. Tí ẹ bá dúró títí ó fi gun ògiri tán, apá kan rẹ̀ ti padà sẹ́yìn, kò sì ní bọ̀ lẹ́nu ihò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí iye omi tó ń jáde sún mọ́ iye tí ìṣàn náà ń gbé wá. Tó bá kéré jù, adágún ẹrẹ̀ yóò dìde. Tó bá pọ̀ jù, ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mímọ́ láti òkè mọ́ ọn, omi tí ẹ ń tọ́jú de ẹ̀ẹ̀rùn lẹ sì ń dà nù yẹn. Ẹ máa bu omi ẹnu ihò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ bá ti já wálẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta léra, ẹ máa ti géètì díẹ̀díẹ̀.

Ihò tó ga sí ilẹ̀ jù kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ihò tí wọn kò ṣí fún ọdún púpọ̀ sì lè ti di: ẹ dán an wò ní ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe lóru ọjọ́ àgbàrá. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ní ọjọ́ kan ṣáájú. Omi tí ẹ ń tú sílẹ̀ yẹn kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, ó lè rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ó ń pa ẹja, ó sì ń dí ẹ̀rọ tó ń fa omi sóko.

Àwọn ará Ṣáínà ló ti fi èyí ṣiṣẹ́ jù, torí ẹrẹ̀ odò Huang He ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n: dáàmù Sanmenxia tí wọ́n parí ní 1960 kún fún ẹrẹ̀ kíákíá débi pé wọ́n ní láti tún un kọ́. Ní dáàmù Xiaolangdi lórí odò kan náà, láti 2002 ni wọ́n ti ń ṣètò bí omi àti ẹrẹ̀ ṣe ń jáde. Ní 2004, wọ́n tilẹ̀ tú omi sílẹ̀ láti àwọn dáàmù òkè kí ó lè ru ẹrẹ̀ àtijọ́ dìde, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá ìṣàn ìwúwo sílẹ̀, kí ó sì kó ẹrẹ̀ náà gba abẹ́ jáde.

Nínú òkun jíjìn

Òun kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti di òmìrán. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1929, ilẹ̀ mì nítòsí Newfoundland. Wáyà tẹligíráàfù méjìlá, tí wọ́n fi ń tẹ àmì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, já lábẹ́ òkun, àwọn kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn yòókù lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí ẹrẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn, fún ohun tó ju wákàtí mẹ́tàlá lọ. Aago tí wáyà kọ̀ọ̀kan já ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ṣírò ìyára rẹ̀ ní 1952. Ní oṣù kìíní 2020, ìṣàn ẹrẹ̀ gba kòtò abẹ́ òkun tó wà lẹ́nu odò Kóńgò, ó rin ju kìlómítà 1,100 lọ, ó sì já wáyà íntánẹ́ẹ̀tì SAT-3 àti WACS tí Nàìjíríà náà ń lò. Ìyára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà márùn-ún ó lé, ó sì dé mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá máa tẹ́ wáyà síwájú etíkun wa kọ́kọ́ wo ibi tí kòtò Avon àti kòtò Máhìn gbà, kí ó sì gbé wáyà jìnnà sí wọn bí ó bá ti lè ṣe é tó.

Ẹnu ọ̀sà

Ìṣàn ìwúwo lẹ́nu ọ̀sà kò nílò ẹrẹ̀, iyọ̀ ló ń tì í. Ní Èkó, òkun ń gba ẹnu Commodore Channel wọlé. Lásìkò òjò, omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń tì í padà. Lẹ́ẹ̀rùn, iyọ̀ a wọ inú ọ̀sà jìnnà. Ilẹ̀ ló ń gbà wọlé, ó ń yọ bí ahọ́n lábẹ́ omi odò tó ń jáde. Ọ̀nà jíjìn tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ òkun ni títì rẹ̀. Ibi tí ọ̀sà kò bá ti jìn ju mítà kan tàbí méjì lọ, atẹ́gùn ọ̀sán kan ti tó láti po òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe wá a níbẹ̀.

Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ omi, tí wáyà rẹ̀ gùn tó mítà 15, kí ẹ kà á ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ nígbà tí òkun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún tán, kí ẹ tún lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tán. Ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Nígbà tí oṣù bá wà ní ìdajì, ìkún òkun kì í lágbára, ahọ́n iyọ̀ á hàn kedere; nígbà tí oṣù bá lé tuntun tàbí tó bá yọ gbàràmù, òkun á ru gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù iyọ̀ 20, tí òkè jẹ́ 5, nínú omi tó jìn ní mítà mẹ́jọ, ìṣirò àpótí gíláàsì fún yín ní mítà 0.43 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òkun tó ń kún tàbí tó ń fà lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tàbí kó bò ó mọ́lẹ̀.

Láti rí ìhà tí ìsàlẹ̀ ń lọ, ẹ lè lo okùn kọ́ọ̀kì Marsigli níbi tí omi bá mọ́. Ní ọ̀sà, omi kì í sábà mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi pátákó méjì tó fẹ̀ ní ìdajì mítà há ara wọn ní igun bí àgbélébùú, ẹ so irin díẹ̀ mọ́ ọn kó lè rì, ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ léfòó kékeré. Ẹ ṣe méjì: okùn ọ̀kan mítà kan, okùn ìkejì mítà mẹ́fà. Ẹ jù wọ́n sómi lójú kan náà. Tí ọ̀kan bá ń lọ sí òkun, tí ìkejì ń bọ̀ wá sílé, ẹ ti rí ọ̀nà méjì nínú omi kan. Léfòó ńlá kò dára, atẹ́gùn ni yóò máa gbé e.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń fa omi ni pé kí ó gbé ẹnu páìpù rẹ̀ sókè. Omi tó dára lójú lè jẹ́ iyọ̀ ní mítà mẹ́rin sísàlẹ̀. Ihò tí àwọn awayanrìn bá gbẹ́ síbi tó rẹlẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ a máa gba omi iyọ̀ sínú bí ìkòkò, kì í sì í tètè jáde. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a tán, ẹja tó bá kó sí i a kú. Ní odò Mississippi, níbi tí ilẹ̀ odò ti rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, ìdènà abẹ́ omi ni àwọn ológun ẹlẹ́rọ Amẹ́ríkà kọ́ ní oṣù keje 2023 kí iyọ̀ má bàa dé ẹnu páìpù New Orleans. Wọ́n tún ní láti gbé e ga sí i ní oṣù kẹsàn-án, torí pé odò kò ní agbára tó láti tì í padà.

Ẹ má sì ṣe da èyí pọ̀ mọ́ omi tó ń fa àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú òkun ní etíkun. Ìgbì tó ń padà ló ń fa ìyẹn, ojú omi ló ń gbà, iyọ̀ àti ooru kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan orí ẹ̀rọ iyọ̀ náà, kí ẹ sì dán an wò nínú omi tí ẹ mọ iye iyọ̀ rẹ̀, gíráàmù 20 nínú lítà kan. Tí kò bá ka 20 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, ẹ padà lọ fa ìlà sí gbogbo ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà.